Bàbá tó ń ya ẹ́ńjìnnì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bọ́ọ̀dù ló gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá mi tó ń lọ gààrí àti ata níbẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ fílẹ́ẹ̀sì mọ́. Èyí tí òun gbé kọ́ lọ́dún tó kọjá, oòrùn ti bó o, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ mọ́. Kí n wá bá òun wá ẹni tó ṣì ń fọwọ́ kọ bọ́ọ̀dù.

Mo wọkọ̀ n'Ìbàdàn láàárọ̀. Fìdítì, Jọ́bẹ̀lẹ̀, Ìlórà: mi ò rí nǹkankan sọ nípa wọn, oorun ni mo ń sùn. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò gba oorun láàyè. Nǹkan bíi kìlómítà 50 péré ni, àmọ́ a bọ́ sẹ́yìn tírélà kan, a ò rí i yà. Gíríìsì, eruku, nọ́ńbà tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, irin tó ti dípẹtà: mo wo ìdí tírélà yẹn débi pé mo lè yà á látorí.

Mo sọ̀ ní Tákíè. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Èmi jẹ ọkà, ikùn ò jẹ́ n dé ibi ẹ̀kọ.

Ọlọ́kadà ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Átíìsì. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí wọ́n ti ń kọ bọ́ọ̀dù fún onígbàjámọ̀, télọ̀ àti àwọn tó ń ta mínírà, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Mo kí wọn, mo jókòó, ojú mi sì lọ síbi fọ́tò ńlá kan lára ògiri: ẹ́ńjìnnì Lister aláwọ̀ ewé, irú èyí tó ń dún tùkù-tùkù nílé ìlọta, ọ́ìlì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́yìn.

"Bàbá, ta ló ya fọ́tò yìí?"

"Fọ́tò kẹ̀? Dìde, fọwọ́ kàn án."

Ọ̀dà ni. Wọ́n fi fóònù ya ẹ́ńjìnnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bébà, wọ́n fa ìlà sí i lóòró àti níbùú bíi ojú àwọ̀n, wọ́n fa irú rẹ̀ sórí pátákó. Ojú kan ni wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀kan. "Bí mo bá wo odindi ẹ́ńjìnnì, èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni màá yà. Bí mo bá wo ojú kan, èyí tó wà níbẹ̀ ni."

Mo rántí Robert Cottingham, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Brooklyn lọ́dún 1935. Ọ̀kan ni lára àwọn tó ń ya àwòrán tí èèyàn máa pè ní fọ́tò. Mo wá iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí fóònù: lẹ́tà oníná níwájú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù, pẹ̀lú nọ́ńbà àti irin rẹ̀. Bàbá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́.

"Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù lẹni yìí ti wá."

Mi ò tíì sọ nǹkankan o! "Ẹ ṣe mọ̀, sà?"

"Wo òjìji lẹ́tà. Ẹni tí kò polówó rí ò ní náání òjìji."

Mo wá ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ ìpolówó Young & Rubicam ló ti ṣiṣẹ́, pé 1968 ló fibẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbájú mọ́ àwòrán. Bàbá ní ọ̀kan náà ni. Mi ò gbà tán: ọ̀gá inú ọ́fíìsì kọ́ ló ń gun àkàbà lóòrùn. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mi ò lè jiyàn sí: "Ọlọ́kadà ló ń ka bọ́ọ̀dù, eré ló ń sá. Eléyìí, mo fẹ́ kó dúró."

Mo béèrè bóyá wọ́n ń rà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n ya ọba tàbí ẹyẹ.

A dúnàádúrà bọ́ọ̀dù, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wá sílé ìlọta wá wọn ibi tí wọ́n máa kàn án mọ́. Àǹtí mi ti mú àkísà, wọ́n ń nu ẹ́ńjìnnì nítorí àlejò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún!" Bàbá ti ń yọ fóònù.