Ọbẹ̀ tí ò lẹ́ran, tí ò lẹ́ja, tí ilé ṣì ń jẹ àjẹlá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìbéèrè yín ti kún fóònù mi, ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ẹ̀yin tí dókítà ní kẹ́ẹ jáwọ́ nínú ẹran, àtẹ̀yin tó jẹ́ pé ọkàn yín ló kàn kọ̀ ọ́, gbogbo yín ń béèrè báwo ni mo ṣe ń dáná fún odindi ìdílé láìsí ẹran, láìsí ẹja, láìsí ẹyin, láìsí mílíìkì, táwọn ọmọ ṣì ń ní kí n bù sí i. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi.

Èyí tó ṣe kókó jù rèé: ẹ má se ọbẹ̀ ẹlẹ́ran kẹ́ẹ wá yọ ẹran kúrò nínú ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn, wọ́n á lọ ata, wọ́n á dín in, wọ́n á gbé e síwájú bàálé pé oúnjẹ ti dé o, bàálé á fi ṣíbí tú ọbẹ̀ kiri, á ní "níbo lẹran wà?" Kò jẹ̀bi jàre. Iṣẹ́ ni ẹran ń ṣe nínú ìkòkò, òun ló ń fún omi ọbẹ̀ ládùn, òun ló ń jẹ́ kó ki díẹ̀, òun náà ni eyín ń rí rún lẹ́yìn òkèlè. Tẹ́ẹ bá lé òṣìṣẹ́ kan lọ, ẹ gba ẹlòmíì sípò ẹ̀, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró.

Adùn yẹn, irú ni kẹ́ẹ gbé e lé lọ́wọ́. Mi ò sọ irú tẹ́ẹ máa fi orí ìka bù o, mo ní irú tó pọ̀. Ẹ ra irú wóró, ẹ ṣà á, ẹ fi omi ṣan yanrìn kúrò lára ẹ̀ dáadáa, torí yanrìn kan ṣoṣo péré lẹ́nu ọmọ, ọmọ ọ̀hún ti kọ ọbẹ̀ yẹn nìyẹn. Ẹ gbé epo pupa kaná, kó gbóná ṣùgbọ́n kó má rú èéfín, ẹ da àlùbọ́sà sí i, tí àlùbọ́sà bá ti ń rọ̀ kẹ́ẹ da irú sí i, kó dín pẹ̀lú ẹ̀ kí ata tó débẹ̀ rárá. Ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀ tó máa yí padà lójijì, èyí tó ń lé àwọn ọmọ ìsinsìnyí sá á kúrò níbẹ̀, ó máa wá máa ta sánsán débi tí aládùúgbò á fi béèrè kí lẹ̀ ń sè. Ìgbà yẹn lẹ ó wá da ata tẹ́ẹ ti bọ̀ tó gbẹ sí i. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọbẹ̀ ti fẹ́ jinná ló ń sọ irú sínú omi ata, kó má wá sọ́dọ̀ mi pé irú ń rùn.

Òórùn èéfín tí ẹja yíyan máa ń gbé wá ńkọ́? Ìyẹn náà ní ọ̀nà. Ẹ mú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ẹ yan wọ́n lórí èédú tàbí lórí iná gáàsì lásán, kí èèpo ẹ̀ dúdú, ẹ bó o, ẹ wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ rodo. Fún ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Àti pé máàgì tẹ́ẹ ń jù síbẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ kẹ́ẹ tó rà á, torí àwọn kan wà tó ní edé tàbí adìyẹ nínú, téèyàn á ní òun ò jẹran, òun á sì ti máa lá a látinú máàgì.

Kí ọbẹ̀ ki, ẹ̀gúsí wà, ẹ̀pà lílọ̀ wà, ẹ̀wà gan-an wà. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n sè.

Ohun tí eyín máa rún ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Tó bá ti dìgbà òjò, olú máa ń pọ̀ lọ́jà, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má lọ já èyí tẹ́ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, olú tó ń pààyàn wà. Ẹ ya á, ẹ má fọ̀bẹ gé e, ẹ kọ́kọ́ dín in lọ́tọ̀ kí omi ara ẹ̀ gbẹ, kó tó wọ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n olú kì í sí nígbà gbogbo, wàrà sóyà ló ń gbà mí, èyí táwọn Hausa ń pè ní awara. Ẹ lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in tà, àmọ́ ẹ kọ́ ọ ṣe nílé, owó ẹ̀ kéré. Ẹ rẹ sóyà ife 2 mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi bí ife 12, ẹ fi aṣẹ́ tẹ́ẹ fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi ẹ̀ kaná, ibí lẹ ò gbọdọ̀ ti kúrò nídìí iná o, torí kò ní ṣe bíi pé ó fẹ́ hó, tí yóò kàn ru sókè gùù, tó máa bo gbogbo sítóòfù. Ẹ máa rò ó, ẹ jẹ́ kó hó fún bí ogún ìṣẹ́jú kí òórùn tútù ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fa iná sílẹ̀, ẹ bu omi ògì tó ti kan dáadáa sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ máa rí i tó ń dì, tí omi á ya sọ́tọ̀, omi yẹn á mọ́ gaara. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ di í, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e títí á fi le. Èmi máa ń gé e ní igun mẹ́rin, mo máa ń fi iyọ̀, ata gbígbẹ àti jínjà pa á lára kí n tó dín in, ìgbà tó bá ti pọ́n léèpo ló ń wọ inú ọbẹ̀, kì í tú. Èérí ẹ̀ tó kù, ẹ má dà á nù, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà àkàrà.

Ẹ wá wo nǹkan kan. Ìdajì oúnjẹ tá a ń wá kiri yìí, ilé la ti bá a. Gbẹ̀gìrì, ewédú, èkuru, àkàrà, àdàlú, ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ̀wà Àgànyìn, èwo ló pọn dandan kí ẹran wà nínú ẹ̀ níbẹ̀? Tẹ́ẹ bá wọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ̀wà tẹ́ẹ máa rí níbẹ̀, ojú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é o, ẹ bi ẹni tó bá kàwé ní Babcock ní Ìlíṣàn, yunifásítì ìjọ Adventist, tó máa ń gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹran, bí oúnjẹ káfẹ́ wọn ṣe rí.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje tẹ́ẹ ń bẹ̀rù pé kò ní dì tí ò bá sí ẹyin, ẹ̀wà fúnra ẹ̀ ló ń dì, kì í ṣe ẹyin. Omi tó pọ̀ jù ló ń bà á jẹ́. Ẹ bó ẹ̀wà mọ́, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó, ẹ rò ó pẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú ẹ̀, ẹ wá pọ́n ọn sínú ewé. Ẹ̀mí tí ẹ máa fi sí i, èmi ń fi olú díndín, kárọ́ọ̀tì, àgbàdo tútù àti wàrà sóyà sí i, àwọn ọmọ mi máa ń tú u kà kí wọ́n tó jẹ ẹ́, tí ọ̀kan bá dín, wọ́n á fẹjọ́ mi sun bàbá wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ẹ má fi ṣeré. Ògì lásán máa ń kún ọmọ níkùn ni, kò tó o. Ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ti yan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ ni mo máa ń pò mọ́ ọn. Ẹ ṣa ẹ̀pà dáadáa, èyí tó bá ti bu tàbí tó dúdú, ẹ dà á nù, májèlé aflatoxin tó wà níbẹ̀ kì í bá iná lọ bọ̀rọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Ẹ̀wà nìkan náà ò pé, ohun tó ṣaláìtó nínú ẹ̀, ìrẹsì tàbí àgbàdo ní in, kẹ́ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù, èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó lára, wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àmọ́ ara kì í tètè gbà á bó ṣe ń gba ti ẹran, fítámì C ló ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ọsàn tàbí gúáfà ni wọ́n ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ nílé mi, tíì kì í sí lórí tábìlì nígbà tá a bá ń jẹ ẹ̀wà, torí ó ń dínà fún un.

Mo dẹ̀ fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ eléyìí yékéyéké: fítámì B12 ò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú ti tó. Ẹ ra á ní kẹ́místì. Ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ ò ju 2.4 microgram lọ, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú fẹ́ díẹ̀ sí i. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ara àgbà máa ń tọ́jú u pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, èèyàn á rò pé òun ò ní nǹkankan, kó tó di pé àárẹ̀ dé, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó wìnnìwìnnì. Ọmọ tó ń mu ọmú ìyá tí B12 ò tó lára ẹ̀ ò ní ìpamọ́ kankan, tiẹ̀ ń yá kánkán. Ẹ̀yin tẹ́ẹ lóyún, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín ní kíláàsì àwọn aláboyún pé ẹ ò jẹran, ẹ má tijú.

Ọ̀rọ̀ àwọn àna àti òde ló kù. Tí ìyá ọkọ yín bá wá kí yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ka iwájú màmá, ọbẹ̀ ata tó ní wàrà sóyà díndín lórí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ wá jẹun", ẹ dákẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ẹja, ẹ má jiyàn, ẹ ní kí bàálé bá wọn rà á wá. Lọ́jọ́ Iléyá, aládùúgbò máa gbé ẹran wá, tẹ̀ríntẹ̀rín ni kẹ́ẹ fi gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ wá ẹni tẹ́ẹ máa fi ta lọ́rẹ lẹ́yìn tó bá ti lọ tán, ìjẹun ò gbọdọ̀ dá ìjà sílẹ̀ ládùúgbò. Tó bá jẹ́ òde ìyàwó, ẹ jẹun kẹ́ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ẹ sì di ẹ̀pà sínú báàgì fáwọn ọmọ, torí jọ̀lọ́ọ̀fù òde, omi ẹran ni wọ́n sábà fi ń sè é, ẹ ò lè máa wọ inú ilé ìdáná olóde lọ béèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n kọ ti àyàmáṣe, kó sọ, ṣùgbọ́n ẹ má pè mí láàárọ̀ Sátidé o, ìdí ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń wà, ọwọ́ mi ò ní dilẹ̀.