Ohun tí ẹbí ń bẹ̀rù ni kó o dá lóhùn

Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta tó bá fẹ́ sọ fún òbí rẹ̀ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yàn fóun, Fẹlá ló máa ń kọ́kọ́ pè lẹ́lẹ́rìí. Wọ́n rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó débẹ̀ tán, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ló yà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ìtàn náà dé. Wọn kì í fi kún un pé Olikoye ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di dókítà kí òun tó gbéra rárá, pé Beko àbúrò rẹ̀ náà sì di dókítà lẹ́yìn náà. Ilé Ransome-Kuti ń wá dókítà, wọ́n rí méjì. Fẹlá ráyè fọn fèrè tirẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nílé tiwa, èmi ni àkọ́bí, ọmọ mẹ́ta ló tẹ̀lé mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, màmá mi ń ta èlò ọbẹ̀ ní ọjà Kútọ̀. Kò sí Olikoye kankan níwájú mi. Àkáǹtì ni wọ́n ní kí n kà, mo sì kà á. Ṣùgbọ́n àdìrẹ ló wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti ń tẹ̀lé màmá mi gba Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, kọjá, tí wọ́n á máa fà mí lọ́wọ́ nítorí pé mo dúró ń wo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Àdìrẹ náà ni mò ń ṣe jẹun lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, pàápàá àwọn agùnbánirọ̀ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe bá àwọn ará ilé mi jà á. N ò bá ẹnì kankan jà. Ẹni tí àbúrò mẹ́ta ń wojú rẹ̀ kì í jà, ìṣirò ló máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Báǹkì ṣáá ni. Tí rédíò bá ń ka ìròyìn, báǹkì; tá a bá ń jẹun, báǹkì; tí àlejò bá wọlé, "Àjọkẹ́ wa máa tó wọ báǹkì." Èèyàn lè rò pé torí àtiṣe fọ́ńté lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbé fáìlì sábẹ́ abíyá jáde láàárọ̀ lọ tò nítorí gìrátúítì wọn, tí wọ́n á padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú fáìlì náà àti òùngbẹ. Lọ́jọ́ tí mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, tí mo ní kí wọ́n sọ tinú wọn fún mi, tí n ò sì já lu ọ̀rọ̀ wọn, ohun tó jáde kì í ṣe báǹkì mọ́. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ ò bá lè fún aṣọ mọ́, ta ni yóò fún ẹ lówó?"

Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn, kò sì dìgbà téèyàn bá wọ báǹkì kó tó rí i. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ṣí ètò tí wọ́n ń pè ní micro pension nígbà náà sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti ẹnikẹ́ni tí kò ní ọ̀gá tó ń yọ owó ìfẹ̀yìntì fún un. Wàá yan ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀, wàá forúkọ sílẹ̀, wàá máa san iye tí agbára rẹ bá ká. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, nínú ohun tó o bá san, ìdá 40 nínú 100 wà nílẹ̀ tó o lè fi gbọ́ bùkátà kó o tó darúgbó. Ìdá 60 yòókù di ọjọ́ alẹ́. Mo forúkọ sílẹ̀, mo san ti oṣù mélòó kan kí n tó lanu sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù fún bàbá mi pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n wọ jígí wọn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ta lo kọ síbi ẹni tó máa gbowó náà tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Wọ́n ní kí n lọ yí i padà sí orúkọ àbúrò mi kíákíá, pé àwọn ò bá Ọlọ́run ṣàdéhùn pé àwọn máa gba irú owó yẹn. Láti ọjọ́ náà, báǹkì dín kù lẹ́nu wọn. Kò tán o.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n lọ wádìí ohun tó ń ba òbí wọn lẹ́rù. Bàbá tó ní dandan ni kí ọmọ òun di lọ́yà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ rí tí kò rẹ́ni gbèjà rẹ̀. Ìyá tó ń pariwo nọ́ọ̀sì lè jẹ́ pé ọmọ aládùúgbò ló ń rí tó ń fowó ránṣẹ́ láti ìlú ọba. Tó bá jẹ́ ariwo yẹn lò ń dá lóhùn, ẹ ò ní sinmi iyàn jíjà títí ọdún á fi yípo. Ìbẹ̀rù ni tirẹ̀ ṣeé wá nǹkan ṣe sí.

Lákòókò tí gbogbo èyí ń lọ, mò ń ṣiṣẹ́ àkáǹtì o. Kì í ṣe báǹkì, àmọ́ owó oṣù ń wọlé, owó ilé ìwé àwọn àbúrò mi sì ń jáde níbẹ̀. Àwọn tó ń gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, n ò mọ ẹni tó ń bọ́ wọn. Ohun tó gbè mí ni pé mo tú iṣẹ́ tó wà lọ́kàn mi sí wẹ́wẹ́, mo wo èyí tó lè dúró dè mí dalẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀nà méjì gbòógì ló ní: yíyà àti rírẹ. Láfún la máa ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, a ó sẹ́ ẹ kó má ní kókó, a ó wá fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì mọ́, aró ò ní ráyè wọbẹ̀. Yíyà ò nílò oòrùn, kò nílò ọjà. Lórí ẹní, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo lè ya òpó gbọ̀ngàn Mápó bíi mélòó kan sára aṣọ tí a ń ya iṣẹ́ ọnà Ìbàdàndùn sí, kí oorun tó gbé mi lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni ti rírẹ, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìtòkú, torí rírẹ ò gba ìkánjú. Tá a bá ti aṣọ bọnú aró tá a sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i ni yóò máa yí lójú wa títí yóò fi di búlúù. A ó tún tì í bọ̀ ọ́, a ó tún gbé e sókè, títí dúdú rẹ̀ á fi tẹ́ ọ̀gá mi lọ́rùn, tí kì í sì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, èékánná mi á ṣì wà bí ti aláró. Oníbàárà kan wo ọwọ́ mi níbi tí mo ti ń ka owó fún un, ó bi mí bóyá ara mi yá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló gbà mí sílẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ fi ti èékánná sílẹ̀, torí kọ́sítíìkì ni kẹ́ ẹ ṣe wọ̀ ọ́. Ó ń bó èèyàn lára.)

Ti màmá mi yàtọ̀. Wọn ò ka báǹkì sí, ìnáwó ni wọ́n ń retí. Obìnrin tó ti pẹ́ ní ọjà Kútọ̀ ti ra aṣọ ẹbí ọmọ ẹlòmíì kò lóǹkà, ó ti bá wọn se ìrẹsì mọ́jú, ó ti fowó sínú àpòòwé fún ìyàwó tí kò mọ̀ rí. Lójú màmá mi, owó tó wà níta ni gbogbo ìyẹn, ọjọ́ ìnáwó tiwa ni wọ́n sì máa kó o wọlé. Ọmọ tó bá wá dìde tó ní òun ò fẹ́ ariwo, òun ò ṣe ìnáwó, ohun tó ń sọ fún wọn ni pé gbogbo gbèsè tí ayé jẹ wọ́n ti wọmi. Ẹ ò rí i pé àkáǹtì nìyẹn? Ìyẹn ni mo sì kà. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ relé ọkọ, èmi ni mo rẹ aṣọ ẹbí: ẹlẹ́kọ fún ìdílé, kàmpálà fún ẹgbẹ́ àsàlátù màmá mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbowó kiri. Èmi tí ẹbí ì bá gba aṣọ lọ́wọ́ mi láwìn títí ayé, kò sẹ́ni tó dán an wò lọ́dọ̀ Ìyá Àjọkẹ́.

Àbúrò ló ṣíwájú mi relé ọkọ yẹn o, ẹ sì mọ ohun tí etí mi gbọ́ lọ́jọ́ náà. "Tìẹ náà á dé láìpẹ́." "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pẹ́ jẹ ìrẹsì tìẹ." Èyí, n ò ṣírò ó, n ò ṣàlàyé, n ò bínú. Mo ń ṣe "Àmín", mo ń gbé ẹran fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni bùrọ̀dá bàbá mi tó ń gbé Àbújá ní àwọn ti bá mi rí àyè sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ẹni tó bá báni wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ bẹ ẹnì kan, ó ti jẹ gbèsè oore nítorí ẹni. Tó o bá kọ̀ ọ́ fún un lórí WhatsApp, o ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé. Mo dúró dìgbà tí wọ́n wálé ọdún Iléyá. Mo ti sọ fún bàbá mi ṣáájú, kó má baà bá wọn lójijì níwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, n ò yára dé orí "ṣùgbọ́n". Ìgbà tí mo débẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi àyè náà ṣe ti àbúrò mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé. Àbúrò mi ò rí iṣẹ́ náà gbà níkẹyìn, ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn ará Àbújá. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá ò bá mi yan odì, wọ́n ṣì ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ni mo tún fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. Oṣù Kejìlá máa ń tan aláró jẹ. Oòrùn ń ràn, ìnáwó pọ̀, àwọn ará òkè òkun wálé, gbogbo ohun tó o bá sá ló ń tà. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn kọ lẹ́tà ní Oṣù Kìíní, owó ọdún ló ń tì í. Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje ni kó o fi dán an wò, nígbà tí òjò ò dá, tí ẹ̀kọ ò gbẹ lára aṣọ, tí aṣọ tó o rẹ lánàá ṣì ń kán lónìí, tí owó ilé ìwé sì ń bọ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òjò tirẹ̀. Ti àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó lè jẹ́ oṣù Ààwẹ̀. Ti télọ̀ lè jẹ́ lẹ́yìn Kérésì, tí gbogbo ayé ti rán aṣọ tán.

Mo dúró títí àdìrẹ fi la òjò já, tí owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn wa sì jáde nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan owó oṣù mi. Ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Mo gbé e fún bàbá mi kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n lọ mú báírò pupa wọn wá, wọ́n tún gírámà ṣe níbi méjì, wọ́n ní kí n lọ tún un tẹ̀, pé ilé ìwé tí mo ti ka àkáǹtì yẹn ò kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ.