Àyẹ̀wò ọdún 2025: àbúrò ni wọ́n pè, wọn ò pe àkọ́bí

Kìlómítà 64,210 ni mo kọ sínú ìwé kékeré mi ní òpin ọdún tó kọjá. Lánàá, nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ láti wo ojú alùpùpù mi, 70,388 ni mo rí. Kìlómítà 6,178 ni èmi àti GSX-R750 mi, alùpùpù eré Suzuki tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 750 cc, jọ rìn lọ́dún yìí. Ó kéré sí ti èṣí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Lábẹ́ iye yẹn, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń kọ lọ́dọọdún: "750 tuntun: kò tíì dé." Ọdún 2014 ni mo ra alùpùpù yìí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún. Ní òpin 2015 ni mo kọ gbólóhùn náà nígbà àkọ́kọ́. Èyí tí mo kọ lánàá ló sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kọkànlá. Ti ọdún yìí dùn mí wọ egungun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí ọdún yìí ni mo gbà lóòótọ́ pé yóò dé.

Ọdún 1985 ni Suzuki bẹ̀rẹ̀ sí í ta GSX-R750 àkọ́kọ́. Etsuo Yokouchi ló ṣíwájú àwọn ẹlẹ́rọ tó ṣe é, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ni kí ẹni tó bá rà á gbà pé ohun tó ń sáré lórí pápá ìdíje gan-an ni òun gùn jáde. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnì àti atẹ́gùn ni wọ́n fi ń mú un tutù, kí rédíétọ̀ àti omi má baà di ẹrù lé e lórí. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n láìsí epo àti òróró nínú rẹ̀, 176 kg ni, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ oní-750 ń kọjá 200. (Mo mọ̀ pé 400 kan ti jáde ní Japan ní 1984. Síbẹ̀ 750 yìí ni Suzuki fúnra rẹ̀ fi ń ka ọjọ́ orí ìdílé náà, èmi náà ò sì ní kà á lọ́nà mìíràn.) Ẹ̀yìn rẹ̀ ni 1100 dé, tí 600 tẹ̀ lé e, kí 1000 tó wá dé ní 2001.

1985 sí 2025, ogójì ọdún géérégé. Ọdún tí àkọ́bí pé ogójì, ta ni kò ní retí àríyá? Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn tí mo fi ń tu ara mi nínú. Hayabusa, alùpùpù Suzuki mìíràn, jáde ní 1999, wọ́n tún un ṣe ní 2008, lẹ́yìn náà wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di 2021. Ọdún 13 nìyẹn. Àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti lọ, àfi bó ṣe wọlé padà. Mo wá gbà pé ilé-iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́ ni, kì í gbàgbé. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n tún 750 ṣe délẹ̀délẹ̀ ni 2011: wọ́n yọ 8 kg kúrò lára rẹ̀, wọ́n fún un ní bíréèkì Brembo àti fọ́ọ̀kì Showa tuntun níwájú. Ti Hayabusa gba ọdún 13. Ti wa ti pé 14 báyìí.

Ní àárín ọdún, ní àkókò eré alùpùpù oníwákàtí 8 ti Suzuka ní Japan, ìròyìn jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń ṣí i. GSX-R1000 ni. Òfin èéfín ti lé e kúrò ní ọjà Yúróòpù lẹ́yìn 2022. Wọ́n ti wá tún inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe kó lè bá Euro 5+, òfin èéfín tuntun Yúróòpù, mu, wọ́n sì fi àwọ̀ àtijọ́ kùn ún fún ayẹyẹ ogójì ọdún. Inú mi dùn fún àwọn tó ń retí rẹ̀, mo sì sọ ọ́ látọkàn wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí àkọ́bí ni wọ́n ń ṣe, àbúrò ni wọ́n wọ̀ láṣọ tuntun. Mo pa fóònù dé, mo jáde lọ síbi tí alùpùpù mi wà, mo kàn dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, mo tún ṣọ́ ìpàtẹ alùpùpù EICMA ní Milan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀ dìgbà yẹn. Kò sí níbẹ̀.

Mi ò bínú sí wọn. Ohun tó fà á yé mi, ó tiẹ̀ ti ń yé mi látọjọ́ pípẹ́. Títí di 2002, 750 ni ìwọ̀n tí òfin ìdíje World Superbike fún alùpùpù onísìlíńdà mẹ́rin. Láti 2003 ni wọ́n ti gba 1000 láàyè, ọjọ́ yẹn sì ni 750 pàdánù pápá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bí i. Lẹ́yìn náà òfin Euro 4 ti Yúróòpù dé. Nígbà tó fi máa di 2017, gbogbo alùpùpù tuntun tó ju 125 cc lọ tí wọ́n bá fẹ́ tà ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi bí a bá fa bíréèkì, èéfín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. 750 kò ní ABS. Ó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á lọ ní Amẹ́ríkà. Ó tún rí pápá díẹ̀ sá níbẹ̀ nígbà tí MotoAmerica, ìdíje alùpùpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbà á sínú ẹ̀ka Supersport ní 2022. Ọdún yẹn kan náà ni Suzuki kúrò nínú MotoGP, ìdíje alùpùpù àgbáyé tó ga jù, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Joan Mir gba ife àgbáyé fún wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ owó ná tó bẹ́ẹ̀ kò ní sáré lọ ṣe ẹ́ńjìnì tuntun fún alùpùpù tí pápá ìdíje rẹ̀ ti kéré tó báyìí.

Kí ló dé tí mi ò wá gba 600 tàbí 1000, kí n sinmi? Mo ti gun méjèèjì. 600 ń fẹ́ kí o máa fún un lọ́rùn ní gbogbo ìgbà kó tó fún ọ ní ohun tó ní. 1000 ní tirẹ̀ ń sáré ju ọ̀nà lọ. Ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀, o kò ní rí ibi lò ó láìrú òfin. Bẹ́ẹ̀ 190 kg ni 750 mi pẹ̀lú epo nínú, 187 sì ni 600 ẹgbẹ́ rẹ̀. Kílò mẹ́ta péré ló fi jù ú, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ ńlá lórí òkè, o ò nílò láti já jíà méjì sílẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ tó bá ara mi mu báyìí.

Ní oṣù kẹrin, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní GSX-8R rẹ̀ gùn fún odindi ọjọ́ kan. Àwọn kan ń sọ pé òun ni àrólé. Sìlíńdà méjì, 776 cc, 205 kg. Mo gùn ún pẹ̀lú ọkàn tó ṣí sílẹ̀, torí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ò ro mí, agbára wà nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, àti pé nínú òjò tó bá wa lọ́nà, ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìyípo 8,500 ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ ti dé góńgó. Ibẹ̀ ni tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú. Ẹni tó bá ti gbọ́ 750 láti 10,000 dé 13,000, níbi tí kíkùn rẹ̀ ti ń di igbe, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ gidi ni 8R, àmọ́ ilé mìíràn ló ti wá.

Mo rántí òjò oṣù kẹrin yẹn dáadáa nítorí òjò oṣù kẹfà.

Ọ̀sán ni. Òjò náà ò pọ̀, irú èyí tó kàn ń ta sílẹ̀, tó ń gbé òróró ojú ọ̀nà dìde, tó sì burú ju òjò ńlá lọ. Eré mi ò ju 50 lọ. Ọkọ̀ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ láìdúró. Mo fa bíréèkì iwájú bí ẹ̀rù ṣe bà mí, kì í ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n fà. Táyà iwájú dúró gbagidi. Nígbà tí táyà iwájú kò bá yí mọ́, kò sí ìtọ́sọ́nà mọ́. Ohun tó ń gbé ọ dúró ti lọ, alùpùpù á sì ṣubú kí o tó parí èrò rẹ. Mo rí ọ̀dà láti ẹ̀gbẹ́. Akoto mi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo dìde, ọwọ́ bíréèkì ti ṣẹ́, ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti bó, ọrùn ọwọ́ mi sì ti ń wú. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó lè tún un gùn. Ibẹ̀ ni kìlómítà ọdún yìí ti dín.

Ohun tí ABS ń ṣe kò díjú. Ó ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá fẹ́ dúró nígbà tí alùpùpù ṣì ń lọ, á dẹ bíréèkì rẹ̀ díẹ̀, á tún fún un padà, títí wàá fi dúró. Ọwọ́ ènìyàn kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n ṣì lu ọkọ̀ náà, mi ò lè búra pé mi ò ní lù ú. Ṣùgbọ́n orí táyà méjì ni ǹ bá wà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún un ṣe fún mi wo alùpùpù náà yípo, ó tẹ rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, ó wò mí.

"Àbúrò, ìgbà wo lo pààrọ̀ ìwọ̀nyí kẹ́yìn?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ìwé ilé-iṣẹ́ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni kí a máa pààrọ̀ wọn, òróró inú wọn ní ọdún méjì-méjì. Òróró ni mo ń pààrọ̀. Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti ń rò pé tuntun máa tó dé."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé alùpùpù lò ń retí ni, àbí bíréèkì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé ilé, òun ni mo sì ń rò títí di òní. Ní ẹ̀yìn ìwé kékeré mi, ohun mẹ́sàn-án ni mo ti kọ sílẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí pé 750 tuntun gbọ́dọ̀ ní. Mo mú bírò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú aláwọ̀ mèremère tó ń fi gbogbo nǹkan hàn: mo fagi lé e, èyí tí mo ní ń sọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ fún mi. Ẹ̀rọ tí ń jẹ́ kí a yí jíà láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì: mo lè rà á fi kún un. Iná iwájú tó mọ́lẹ̀ jù: gílóòbù mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá a lọ títí ó fi ku ABS nìkan. Ìyẹn ò ṣeé lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń fẹ́ ohun tí ń ka yíyí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ó ń fẹ́ pọ́ǹpù tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àti pé kí ẹni tó mọ ìwọ̀n àti bíréèkì alùpùpù yẹn gan-an ti ṣètò rẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù nìkan ló lè ṣe é bó ṣe yẹ.

Bó bá wá jẹ́ pé ABS nìkan ló kù, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara mi: ó wà lára àwọn ẹlòmíràn. Honda ti dá CBR600RR padà sí Yúróòpù ní 2024, Kawasaki tún ZX-6R ṣe lọ́dún kan náà, Yamaha sì gbé R9 onísìlíńdà mẹ́ta jáde, 890 cc, 195 kg. Mo lọ jókòó lórí R9 ní oṣù kẹwàá. Ọwọ́ mi bọ́ síbi tó yẹ láìwá a. Ẹsẹ̀ mi náà bẹ́ẹ̀. Mo dúró lórí rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń tà á fi bi mí bóyá n fẹ́ omi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ sílé, ó sì dùn mí pé ó wù mí.

Owó tí mo ti ń kó jọ fún 750 tuntun ṣì wà níbi tó wà. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà bíréèkì, mo fi òróró tuntun sí fọ́ọ̀kì, mo wá ike ẹ̀gbẹ́ mìíràn tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Mo sì ti ń lọ sí pápá tó ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi láti kọ́ ọwọ́ mi ní bíréèkì lọ́tun, kí ìka mi máa fún un díẹ̀díẹ̀ dípò kó gbá a mú. Ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí.

Mo ti dá ọjọ́ fún ìrètí mi, ohun tí mi ò ṣe rí. Bí ìpàtẹ Milan ti oṣù kọkànlá 2026 bá kọjá tí kò sí 750, mo máa padà lọ bá R9, mi ò sì ní kọ gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀kejìlá. Mi ò ní ta èyí tí mo ní. Kò sí ẹni tí mo lè tà á fún tí ọkàn mi á balẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. Ní gbogbo kìlómítà 24,000 ni a gbọ́dọ̀ wo àlàfo fáàfù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ sì ń bọ̀ ní 72,000. Ó ku 1,612. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí i ní 48,000, kò sí fáàfù kan nínú mẹ́rìndínlógún tó ti kúrò ní ìwọ̀n. Ó ní òun máa gba ọjọ́ méjì fún èyí tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún un pé mo máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tú bóòtù àkọ́kọ́.