Òkúta inú kẹ́tùlù: omi Lọ́ńdọ̀nù àti omi Abẹ́òkúta

Tíì àkọ́kọ́ tí mo gbé fún màmá mi nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò mu ún. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù náà sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Kí ló léfòó sójú omi yìí bí ìpẹ́ ẹja?" Mo ṣí kẹ́tùlù fún wọn. Ìdí rẹ̀ ti funfun, ó le gbagidi, bí ẹni fi ẹfun rẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Omi ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyí?"

Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ìyà omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti to garawa sídìí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ò bá yọ, a ó forí lé kànga aládùúgbò. Bí omi náà bá rú, màmá mi á fi álọ́ọ̀mù rò ó nínú àmù, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dénú ìkòkò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Èéfín ẹ̀yìn ìkòkò là ń fi eérú àti yanrìn ha. N kò rí ẹni tó jókòó ha òkúta nínú ìkòkò omi rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kàn máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ ni, omi á dé. Ìgbà tó bá dé tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Orí akọ òkúta ni Abẹ́òkúta jókòó sí, Olúmọ ṣe ẹlẹ́rìí, irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sì í fẹ́ yọ́ sínú omi. Omi tí Lọ́ńdọ̀nù ń mu, láti odò Thames, odò Lea àti àwọn kànga jíjìn, ilẹ̀ òkúta ẹfun ló ń gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí omi òjò kó nínú òfurufú àti nínú ilẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè yọ́ ẹfun yẹn díẹ̀díẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Bí a bá wá sè é, afẹ́fẹ́ náà á fò lọ, òkúta á padà di òkúta, á lẹ̀ mọ́ kẹ́tùlù. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì náà ni, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá rárá. Àbúrò mi tó ń gbé Glasgow, nílẹ̀ Scotland, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Láti 1859 ni omi adágún Loch Katrine ti ń ṣàn wọ ìlú wọn, omi tó rọ̀ ni, ẹfun kò pọ̀ nínú rẹ̀, kẹ́tùlù rẹ̀ ṣì ń dán bí ọjọ́ tó rà á.

Ìyá àgbà kan, ará Jàmáíkà, tí a jọ ń gbé ilé alájà, ló kọ́ mi ní fínígà. Fínígà funfun ni o, kì í ṣe aláwọ̀ igi tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹja díndín. Mo da ìdajì fínígà àti ìdajì omi sí kẹ́tùlù níṣojú màmá mi, n kò jẹ́ kó kún. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùùṣùù láìsí iná nídìí rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó wà nínú òkúta yẹn ló ń jáde. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo dà á nù, mo ṣan án, mo se omi lásán lẹ́ẹ̀mejì dà nù kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Irin ìdí kẹ́tùlù yọ kedere.

Màmá mi gbóòórùn ìgò náà. "Ọtí kíkan inú Bíbélì kọ́ yìí?" Òun náà ni. Ni wọ́n bá rántí pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyá tiwọn fi ń fọ idẹ títí á fi máa kọ mọ̀nà. Inú mi dùn gan-an sí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń dé òkè òkun tí a ó rò pé inú ìgò olówó ńlá nìkan ni ọgbọ́n ìmọ́tótó wà. Ohun kíkan ti ń ṣiṣẹ́ nílé wa tipẹ́.

Orí ṣáwà tó ti dí, mo da fínígà sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn di àárọ̀. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbé wá láti ilé, n kò rí ọgbọ́n dá sí i: omi líle, ìyẹn omi tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kó hó, ìdọ̀tí eérú-eérú ló sì ń fi sára ọpọ́n ìwẹ̀. Fínígà ni mo fi ń nu ìyẹn náà kúrò. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ gbogbo èèyàn mi sí ni pé kí wọ́n má ṣe dà á pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé. Èéfín kiloríìnì tó ń jáde níbẹ̀ májèlé ni, ó lè pa èèyàn nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Màmá mi ti padà sílé. Omi bohò tí wọ́n ń lò báyìí kì í fi ẹfun sílẹ̀. Ìpẹtà pupa ló ń fi sára agbada ìfọwọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí pé àwọn ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ó sì ń ṣí. Mo kígbe lórí fóònù pé kí wọ́n má jẹ́ kó kán sílẹ̀, torí òkúta máábù wà nínú tẹ̀rásò ilé wa, ohun kíkan á sì jẹ ẹ́, á bà á lójú jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti tẹ́ àkísà síbẹ̀ kí àwọn tó gé ọsàn.