Kí ebi tó pa ọmọ ni kẹ́ ẹ ti mọ ibi tí ẹ̀ ń lọ

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àdùkẹ́ ní ká má wulẹ̀ dáná mọ́, ká kó àwọn ọmọ lọ jẹun níta. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé Àdùkẹ́ ò jẹ ju búrẹ́dì kékeré kan lọ látàárọ̀. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà yẹn. Àkànní àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù 14, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára nǹkan.

Ibi tí a lọ rẹwà. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ife sì ti wà lórí aṣọ náà ká tó jókòó. A ní kí wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ wá. Ìṣẹ́jú 10 kọjá, a ò rí nǹkan kan. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 20, Àkànní ti fa aṣọ tábìlì, díẹ̀ ló kù kí ife kan fọ́, bàbá rẹ̀ ló sáré hán an. Ó ń lọ sí ìṣẹ́jú 40, Àdùkẹ́ ti wọ abẹ́ tábìlì, ó ń sunkún ebi. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá dúró tì wá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ọmọ yín, àwọn kọ́sítọ́mà ń wò." Oúnjẹ wá dé. Ata inú rẹ̀ lè mú àgbà sunkún. Àdùkẹ́ fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì tu ú sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. A ní kí wọ́n di ìyókù sínú ike, a gbalé lọ, mo lọ se indómì. Iye tí a san, ẹ má bi mí.

Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo wá ń bínú sí ara mi. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn àgbà tó fẹ́ jókòó, kí wọ́n tàkúrọ̀sọ, kí wọ́n ya fọ́tò, ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún. Èmi ni mo kó ọmọ tí ebi ń pa lọ síbi tí wọn ò tíì gbé ìkòkò kaná.

Látọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé: oúnjẹ wo ló ti délẹ̀? N kì í béèrè ohun tó dùn jù, bẹ́ẹ̀ ni n kì í wo bí àga ṣe tutù tó. Wọ́n máa ń ki àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ kì wá báyìí ní ọmọ kékeré nílé, torí òkà, ìyẹn àmàlà, ò mọ ìdúró. Kí n tó fi Àkànní jókòó tán, ìyá olókà àdúgbò wa á ti fi igbá bọ omi, á ti bu òkà, á ti da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí ojú mi ò tètè tó. Inú jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n ti ń se ata mọ́ ìrẹsì, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Ti àbùlà yàtọ̀: gbẹ̀gìrì dá dúró, ewédú dá dúró, ata náà wà nínú ìkòkò tirẹ̀. Téèyàn bá ti ní, "Ẹ má bu ata sí ti ọmọ," ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ẹ tọ́ gbẹ̀gìrì wò kí ẹ tó fún ọmọ, torí àwọn kan máa ń sọ ata sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá olókà tó bá bínú torí pé ẹ ní kó bu díẹ̀ sí yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò, ẹ dìde níbẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo bùkà ló dára o. Mo ti dé ọ̀kan tó jẹ́ pé ọpọ́n omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé yípo láti tábìlì dé tábìlì, omi náà ti dà bí omi ẹ̀fọ́. Omi tó ń ṣàn ni mo máa ń wá, ìbáà jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, irú èyí tó gbòde nígbà Kòrónà, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún máa ń wo oúnjẹ fúnra rẹ̀ bóyá ooru ń jáde lára rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ tí wọ́n ti sè ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ láìgbóná ju wákàtí 2 lọ, àti pé èyí tí wọ́n fẹ́ máa bù fún èèyàn gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ. N kì í mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru dání, ojú àti ọwọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Òkà tó ti tutù nínú ọ̀rá, ẹran tí eṣinṣin ń bà lé, mi ò rà á fún ọmọ.

Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kí èéfín rẹ̀ má máa fẹ́ wọlé bá yín. Ẹ wo bí ẹnu ọ̀nà ṣe súnmọ́ títì tó. Ní apá Tákìé nílùú wa, ọ̀kadà kì í wo ọmọ tó sá jáde, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí ògiri lọ́hùn-ún ni mo máa ń jókòó sí, ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi á wà lápá ẹnu ọ̀nà. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH bá sì ti wọlé, ẹ má gbé ọmọ dé Under G, àdúgbò wọn, láàárín aago 1 sí 2. Ẹ lọ láago 11, kí ìyá olókà lè ráyè gbọ́ tiyín.

Ẹja ló fìyà jẹ mí jù. Ẹgbọrọ ẹja tútù kan ni mo fún Àdùkẹ́, mo rò pé mo ti ṣa eegun rẹ̀ tán. Ó ṣàdédé dákẹ́, ó fọwọ́ di ọrùn mú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kan ní tábìlì kejì ní, "Ẹ jẹ́ kó gbé òkà mì lódindi, á gbé e lọ." Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà ní kékeré nìyẹn, mo fún un ní òkèlè méjì, ẹkún rẹ̀ le sí i. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó la ẹnu, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi ẹ̀mú yọ eegun kan tí kò gùn ju èékánná mi lọ. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní òkà ò gbé eegun lọ, ńṣe ló ń tì í wọnú ẹran ọ̀fun, ó lè dá egbò síbẹ̀. Ojú tì mí.

Ní báyìí, ẹran rírọ̀ ni mo ń rà fún wọn, mo sì ń fọwọ́ ya á wẹ́wẹ́. Ṣàkì àti pọ̀nmọ́ kì í ṣe ti ọmọ tí eyín ẹ̀rẹ́kẹ́ rẹ̀ ò tíì hù, ẹ̀pà àti gúgúrú tí àwọn kan máa ń gbé síwájú èèyàn kí oúnjẹ tó dé náà kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀pà odindi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun. Bí ẹnikẹ́ni bá fún Àkànní, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń jẹ ẹ́ fúnra mi.

Ìyá olókà wa ti mọ̀ wá báyìí. Bó bá ti rí wa lókèèrè, á pariwo pé, "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ káàbọ̀, ti àwọn ọmọ kò lata!" Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó jẹ́ ti Àkànní. Ìgbà tó kọ́kọ́ da ewédú sílẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà kàn da eérú sí i, ó gbá a, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

A padà sí ilé oúnjẹ onígíláàsì yẹn lóṣù tó kọjá, èmi àti Bàbá Àdùkẹ́ nìkan, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá mi. Ó tó ìṣẹ́jú 40 kí oúnjẹ tó dé. A ò tiẹ̀ mọ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù wọn dùn.