Bíṣọ́ọ̀bù Ọ̀fẹ́

Ẹ gbà mí o. Nígbà tí ọba mi kú nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣì ní lórí pátákó. Pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Funfun ni mo mú. Mo ti pọ́ọ̀nù sí d4, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga gbé ẹṣin sí f6. Mo ti c4, ó ti e5, àfi bíi pé ó ní kí n wá jẹun. Ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ ayò tí wọ́n ń pè ní Budapest nìyẹn. Mo jẹ ẹ́. Ẹṣin rẹ̀ fò sí g4, mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f4 kó máa ṣọ́ ohun tí mo jẹ. Ẹṣin rẹ̀ kejì bọ́ sí c6, tèmi sí f3. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé b4: "Ṣẹ́ẹ̀kì, sà." Ọba mi ló dójú sọ. Mo fi ẹṣin dí i ní d2. Ayaba rẹ̀ lọ jókòó sí e7. Mo wá ti a3 láti lé bíṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sá. Ẹṣin g4 ló lọ jẹ pọ́ọ̀nù e5.

Bíṣọ́ọ̀bù ọ̀fẹ́! Àkókò pọ̀ lórí aago mi, ọpọlọ ni kò sí. Mo gbé e mì.

Ẹṣin sí d3. "Ẹ má bínú, sà, ó ti parí."

Irọ́ ni! Mo ti na ọwọ́ sí pọ́ọ̀nù e2 kó jẹ ẹṣin ọ̀hún, ni mo bá rí ayaba e7 tó ń wo ọba mi tààrà. Pọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ mira, òun nìkan ló dí ayaba yẹn lọ́nà. Kí ọba sá ńkọ́? Ayaba mi wà ní d1, bíṣọ́ọ̀bù ní f1, ẹṣin ní d2, pọ́ọ̀nù ní e2 àti f2. Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi tò wọ́n. Wọ́n pagbo yí Kábíyèsí ká, wọ́n ń wò ó títí ó fi wàjà.

Ọmọ yẹn kọ́ ló tiẹ̀ ń dùn mí. Bọ̀dá kan tó dúró sẹ́yìn mi ni. Ó ní ǹ bá ti fi ẹṣin f3 jẹ ẹṣin e5, tó bá gbẹ̀san, kí n ti e3, kí bíṣọ́ọ̀bù f1 lè máa ṣọ́ d3. Ó ní Rubinstein pàápàá, ògbóǹtarìgì ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ayé àtijọ́, Budapest yìí ni Vidmar fi nà án ní Berlin lọ́dún 1918. Gbogbo ẹ̀ ló jóòótọ́, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Nígbà tó kan òun náà, funfun ló mú. D4. Ọmọ gbé ẹṣin sí f6. Bọ̀dá wo ọmọ, ó wo òrùlé, ó yára gbé ẹṣin sí f3 kí e5 má baà ṣeé ti.

C4 dà, ọ̀gá?