Ọwọ́ kan tí mo yà tí mi ò lè gbàgbé

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń dùn mí.

Ìwé ìròyìn kan ní kí n ya àwòrán mẹ́rin nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìkòròdú níbí. Ọjọ́ márùn-ún péré. Ẹ mọ bí ọjọ́ márùn-ún ṣe ń rí tí kò bá sí iná. Mo wo fọ́tò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yà á, wọ́n sanwó.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, èmi fúnra mi ni mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún wọn láti Sábó. Màtírọ́nì wo àwòrán ńlá iwájú: ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fi Pinard, ìwo kékeré yẹn, gbọ́ ọkàn ọmọ nínú oyún. Wọ́n gbé ìka lé ọwọ́ tí mo fi di ìwo náà mú.

"Ọmọ mi, kí ni ọwọ́ yìí ń ṣe níbí?"

Wọ́n mú tiwọn, onígi, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ lé ikùn aboyún kan, wọ́n fi etí tì í, wọ́n wá yọwọ́ pátápátá. Etí nìkan ló dì í mú. Wọ́n ní ariwo ọwọ́ máa ń bo ti ọmọ mọ́lẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ìyá ni ọwọ́ wọn wà, kí wọ́n má baà ka lílù ọkàn ìyá kí wọ́n rò pé ti ọmọ ni. Ojú wọn wà lára aago fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 110 sí 160 ni ọkàn ọmọ máa ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ tí mo ya ojú rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́ mi." Ó ti ní kí gbogbo ará ilé wọn ní Ìgbógbó ra ìwé náà. Mi ò lè gbójú sókè.

Mo tún un yà, wọ́n pààrọ̀ èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lọ wò ó! Ẹ má ya iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì láìjókòó tì í. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún owó iṣẹ́ yín, kí ẹ lè lọ wò ó. Ẹ fi àwòrán han oníṣẹ́ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ olóòtú. Olóòtú tèmi ò rí àṣìṣe kankan, mi ò sì dá a lẹ́bi, kì í ṣe agbẹ̀bí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ṣọ̀lẹ. Òru mẹ́ta ni mi ò sùn. Ṣùgbọ́n inú yàrá mi ni mo wà ní gbogbo òru yẹn. Kẹ̀kẹ́ kan péré ni ì bá gbé mi débẹ̀.

Mo ti bẹ ọmọ náà. Ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà tó wà nílé wọn ní Ìgbógbó, ọwọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀.